Báǹkì ìlú òyìnbó ń béèrè àdírẹ́sì tí n kò ní mọ́ níbẹ̀: kí ni ẹ̀yin tí ẹ ti padà wálé ṣe?

Ará Fọlágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mo padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún tó kọjá lẹ́yìn ọdún 31 tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ta ilé tí mo ní níbẹ̀, mo kó ẹrù mi wálé, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Owó ìfẹ̀yìntì mi, ti ìjọba àti ti ibi iṣẹ́, ṣì ń wọ inú àkáǹtì kan tí mo ti ń lò láti ọdún 1996, ibẹ̀ ni mo sì ti ń fà á wálé díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù tó kọjá ni báǹkì náà, tí n kò ní dárúkọ, kọ̀wé sí mi lórí áàpù wọn pé lẹ́tà mẹ́ta tí àwọn fi ránṣẹ́ sí ilé mi àtijọ́ ni wọ́n ti dá padà, pé kí n fi àdírẹ́sì tí mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì han àwọn láàárín 60 ọjọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn yóò ti àkáǹtì náà pa.

Mo pè wọ́n lórí fóònù. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn fi sùúrù gbọ́ mi délẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ pé òpópónà Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà òun ń béèrè postcode ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jẹ́ kí òun kọjá sí ojú ewé kejì. Ó wá ní kí n fi ìwé iná tó ní orúkọ mi ránṣẹ́ kí òun lè gbé e fún ọ̀gá òun. Ẹ̀yin náà mọ bí tiwa ti rí: orúkọ bàbá mi, tó ti di olóògbé láti ọdún 2009, ló wà lórí mítà ilé wa, bí a bá sì ra iná, ìwé pélébé kan ni wọ́n ń já fún wa, tí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára máa ń ṣá kí oṣù tó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n fi àdírẹ́sì òun sí i, kí n sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni mò ń gbé, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ará Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbọ̀ sílé o. Ọdún 17 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú báǹkì ní ìlú òyìnbó kí n tó padà sí Rẹ́mọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù lọ: ẹ má ṣe sọ pé Peckham ni ẹ ń gbé. Àdírẹ́sì méjì ni báǹkì máa ń kọ sílẹ̀ fún oníbàárà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀ sí ara wọn. Èkíní ni ibi tí ènìyàn ń gbé ní ti òótọ́. Òun ni òfin ń béèrè, òun ni wọ́n fi ń mọ ìlú tí ẹni náà ti jẹ́ asanwó-orí, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ àwọn tó ń gba inú báǹkì fọ owó jìbìtì mọ́. Èkejì ni ibi tí lẹ́tà yóò máa lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n yín ní Peckham lè jẹ́ èkejì láìsí wàhálà bí báǹkì bá gbà, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ èkíní nígbà tó jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Òde lẹ ti ń jí. Ojoojúmọ́ ni áàpù ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹ ti ń ṣí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá fura, wọn yóò di àkáǹtì náà pa títí ìwádìí yóò fi parí, owó ìfẹ̀yìntì yóò sì há sínú rẹ̀. Mo rí i tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá àgbàlagbà kan, oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi rí owó oògùn rẹ̀ yọ, àwọn ọmọ ló ń dá owó jọ fún un.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé kò sí òfin kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí báǹkì má tọ́jú àkáǹtì ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu fún ara rẹ̀. Ní ọdún 2020, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àwọn báǹkì kan kọ̀wé sí àwọn oníbàárà wọn tó ń gbé Yúróòpù pé àwọn yóò ti àkáǹtì wọn, àwọn báǹkì mìíràn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́ òfin kan náà ni gbogbo wọn wà. Nítorí náà, ẹ má bi wọ́n léèrè bí ẹ ṣe máa rí àdírẹ́sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé: ṣé báǹkì yín ń tọ́jú àkáǹtì oníbàárà àtijọ́ tó ti kó lọ sí Nàìjíríà, ṣé ẹ sì lè fi àdírẹ́sì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún lẹ́tà nìkan? Orí áàpù ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe orí fóònù, kí ó lè wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó ń gbé fóònù kò ju ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá gbà fún un lọ. Ẹ̀ka mìíràn ló máa ń yí àdírẹ́sì òkè òkun padà, lọ́pọ̀ ìgbà ìwé fọ́ọ̀mù tí ènìyàn yóò buwọ́ lù ni wọ́n ń lò.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ṣì ní àkókò. Òfin Payment Services Regulations ti ọdún 2017 kò gbà kí wọ́n ti irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ láìfún ènìyàn ní ìkìlọ̀ oṣù méjì, ó kéré tán. Ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí báǹkì náà fúnra rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá tí wọn kò dáhùn, tàbí tí ìdáhùn wọn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti báǹkì, láàárín oṣù mẹ́fà sí ìgbà tí ìdáhùn ìkẹyìn bá dé, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. N kò ní tàn yín: wọn kì í sábà fi agbára mú báǹkì tọ́jú oníbàárà tí kò fẹ́ mọ́. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá báǹkì náà hùwà sí yín bó ṣe tọ́, ṣé ó fún yín ní àkókò tó pé, ṣé ó ṣàlàyé.

Àwọn ènìyàn yóò sọ fún yín pé àkáǹtì kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tí kò ní ilé lórí pàápàá lè ṣí. Òótọ́ ni, òfin ọdún 2015 ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà òfin ló wà fún, kò kan ẹni tó ti wà ní Ìjẹ̀bú.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn báǹkì tó wà ní erékùṣù Jersey, Guernsey àti Isle of Man. HSBC Expat wà ní Jersey, Lloyds àti Barclays náà ní ẹ̀ka irú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé òkè òkun ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, wọn kò sì ní béèrè àdírẹ́sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fẹ́ kí ènìyàn ní nílẹ̀ tàbí kí ó máa wọlé fún un kì í ṣe kékeré. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé wọ́n ń gba ẹni tó ń gbé Nàìjíríà kí ẹ tó dààmú ara yín pẹ̀lú ìwé kíkọ. Ẹ tún rántí pé bí báǹkì bá dojú dé ní Jersey, 50,000 pọ́n-ùn ni ètò ìdáàbòbò wọn ń san mọ, nígbà tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di 120,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2025.

Ará Fọlágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò mi, Ọlọ́run yóò máa gbé yín ga. Mo ti kọ ìbéèrè náà sórí áàpù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe là á kalẹ̀. Ó ku nǹkan méjì. Bí wọ́n bá gbà pé Ìjẹ̀bú ni mò ń gbé, ìwé wo ni n óò fi hàn pẹ̀lú mítà tí orúkọ olóògbé wà lórí rẹ̀ yìí? Èkejì, ṣé kò ní sàn kí n kúkú ní kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa san owó náà tààrà sínú báǹkì níhìn-ín?

Ìyá Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí, mo ti jìyà rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi yé yín. Mo lọ sí ọ́fíìsì IBEDC pẹ̀lú ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí ikú ọkọ mi àti NIN mi, mo ní kí wọ́n yí orúkọ orí mítà padà sí tèmi. Ó gba ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n mítà tí a ń kówó sí kì í mú ìwé iná olóṣooṣù wá, kódà lẹ́yìn tí wọ́n yí orúkọ náà. Ohun tí mo wá lò ni ìwé àkáǹtì mi láti báǹkì wa níhìn-ín, ti oṣù mẹ́ta, tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tí àdírẹ́sì ilé wa sì wà lókè rẹ̀. Mo gbé e lọ bá agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ notary public, ó fi òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé jẹ́rìí sí ẹ̀dà rẹ̀ àti ẹ̀dà ìwé ìrìnnà mi. Òun ni báǹkì ti Lọ́ńdọ̀nù gbà.

Kí báǹkì tiwa tó kọ àdírẹ́sì náà sí orí ìwé àkáǹtì, wọ́n rán ọmọkùnrin kan wá láti wá wo ilé. Ó gun ọ̀kadà dé, ó ń wá nọ́ńbà 14, bẹ́ẹ̀ ilé wa kò ní nọ́ńbà lára ògiri. Mo ti lọ sí ọjà lọ́jọ́ náà. Ó bi obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé wa léèrè orúkọ tó wà nínú ìwé mi, ìyẹn sì ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé Ìyá Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò mọ̀ mí níbẹ̀, ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń retí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ilé sára ògiri tàbí ẹnu géètì, kí ẹ sì sọ orúkọ inú ìwé yín fún àwọn tó wà níwájú ilé. Ẹ kọ àmì àdúgbò mọ́ àdírẹ́sì náà pẹ̀lú: ilé alájà kan tí ó ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Báǹkì ti òkè òkun kò nílò ìyẹn, ṣùgbọ́n báǹkì tiwa àti ẹni tó ń gbé káàdì wá nílò rẹ̀.

Ará Ṣàgámù

Ìyá ti sọ èyí tó dára jù lọ. Ní ti ìbéèrè kejì, ó ṣeé ṣe. International Pension Centre ló ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ìjọba fún ẹni tó ń gbé òkè òkun. Fọ́ọ̀mù wọn yóò béèrè IBAN, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì gígùn tí àwọn ìlú kan ń lò, ẹ̀rù sì máa ń ba àwọn ènìyàn níbẹ̀ nítorí pé Nàìjíríà kò lo IBAN. Nọ́ńbà àkáǹtì wa oní-díjíìtì 10, tí a ń pè ní NUBAN, àti BIC, kóòdù tí wọ́n fi ń dá báǹkì yín mọ̀, ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n ẹ rò ó dáadáa. Owó ìlú tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n sábà máa ń san án ní, nítorí náà ẹ kò ní ní àṣẹ lórí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣẹ́ pọ́n-ùn sí náírà. Ìdí nìyí tí èmi kò fi yí tèmi padà. Yálà ẹ yí i tàbí ẹ kò yí i, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti kó wálé. Òótọ́ tó dun ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé owó ìfẹ̀yìntì ìjọba kì í lékún lọ́dọọdún fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, nítorí pé kò sí àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì; iye tó jẹ́ nígbà tí ẹ dé ni yóò máa jẹ́. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń fi Peckham bojú. Bí wọ́n bá rí i, wọn yóò gba owó tó lé náà padà. Ẹ tún máa retí ìwé tí wọ́n fi ń béèrè bóyá ènìyàn ṣì wà láàyè. Bí ìwé yìí bá sọnù sí ọ̀nà tí ẹ kò dá a padà, wọn yóò dá owó náà dúró. Mo gba àpótí ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣàgámù nítorí rẹ̀.

Ọmọ Ìlíṣàn

Ti Amẹ́ríkà lèmi mọ̀, mo gbé Houston fún ọdún 22 kí n tó wá sí Ìlíṣàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tiyín fi díẹ̀ yàtọ̀. Òfin tó wà nídìí rẹ̀ ni abala 326 nínú USA PATRIOT Act ti ọdún 2001. Ìlànà tó tẹ̀lé e ní kí báǹkì gba àdírẹ́sì òpópónà tí ènìyàn ń gbé tàbí tí ó ti ń ṣòwò. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ lásán kò tó. Ẹni tí kò bá ní irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ rárá, ìlànà kan náà gbà kí ó lo ti ìbátan tó sún mọ́ ọn jù lọ tàbí ti ẹlòmíràn tí wọ́n lè tipasẹ̀ rẹ̀ rí i, níwọ̀n ìgbà tó bá sọ fún báǹkì pé bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Ẹ sì wò ó dáadáa, ìlànà náà kò sọ pé inú Amẹ́ríkà ni àdírẹ́sì náà gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí báǹkì bá ní òun kò gba àdírẹ́sì Ìlíṣàn, òfin tirẹ̀ ló fi ń kọ̀ ọ́, ènìyàn lè lọ bá báǹkì mìíràn.

Mo gbìyànjú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba lẹ́tà fún ènìyàn, tí wọ́n sì ń ya ojú ìwé náà ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù 1583 ti ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ní kí n kọ, kí notary sì jẹ́rìí sí i. Ó dára fún lẹ́tà, ó sì ń bá mi gba káàdì tuntun, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àwọn báǹkì mọ àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí, bí ẹ bá sì fi ṣe ilé yín, wọn yóò dá a padà. Ohun tó gbà mí ni State Department Federal Credit Union, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ń ṣe bíi báǹkì. Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ American Citizens Abroad ti bá wọn ṣe àdéhùn kí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé òkè òkun lè ṣí àkáǹtì níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ti owó orí. Bí àpapọ̀ owó tó wà nínú gbogbo àkáǹtì yín níta Amẹ́ríkà bá ju 10,000 dọ́là lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo péré láàárín ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ kọ FBAR, ìwé tí a fi ń sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà nípa àkáǹtì òkè òkun. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni gbèdéke rẹ̀, wọ́n sì máa ń sún un sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá láìjẹ́ pé ènìyàn béèrè. Dọ́mù yín, àkáǹtì owó òkèèrè, ní Ìjẹ̀bú-Òde wà nínú rẹ̀, àkáǹtì tí orúkọ yín bá ti ìyá yín wà lórí rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru ní Manchester

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, tèmi yí padà. Mánṣẹ́sítà ni mò ń gbé, a ti ta ilé bàbá wa ní Ìpẹru, n kò sì ní àdírẹ́sì kankan mọ́ ní Nàìjíríà. Àkáǹtì mi níbẹ̀ ti di títì nítorí BVN tí n kò ní. Ṣé dandan ni kí n wálé?

Ará Ṣàgámù

Rárá o, àbúrò. Ní àtijọ́, àwọn tó wà lókè òkun ní láti wá ibùdó tí wọ́n ti ń gba ìka ọwọ́ lọ́hùn-ún, tàbí kí wọ́n dúró de ìgbà tí wọ́n bá wálé, ẹ sì mọ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó ní báǹkì Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò Ojúde Ọba. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2025, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà àti NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì wa pọ̀, ṣe ìfilọ́lẹ̀ NRBVN, èyí tí ẹni tó ń gbé òkè òkun lè fi gba BVN lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ibi tó wà. Ní ọdún kan náà ni wọ́n gbé oríṣi àkáǹtì méjì jáde fún ọmọ Nàìjíríà tí kò gbé nílé: NRNOA fún owó tí ènìyàn ń fi ránṣẹ́ tí ó sì ń ná, NRNIA fún owó tí ó fẹ́ fi dókòwò. Ilé rẹ ní Mánṣẹ́sítà ni kí o kọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ò ń gbé. Má ṣe kọ àdírẹ́sì ilé tí ẹ ti tà; ẹni tó rà á ni wọn yóò bá níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wá wò ó.

Má sì jẹ́ kí àkáǹtì náà sùn pẹ́ jù. Lábẹ́ ìlànà tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2024, owó tó bá wà nínú àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún 10 yóò lọ sí àpò kan lọ́dọ̀ wọn. Oní-nǹkan ṣì lè gbà á padà, ṣùgbọ́n ìwé tí yóò kó jọ yóò ju èyí tí ò ń sá fún lónìí lọ.

Aláṣọ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ fi síìmù kún un. Mo tọ́jú àdírẹ́sì, mo tọ́jú ìwé, mo gbàgbé pé síìmù mi ti ìlú òyìnbó ni báǹkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí. N kò fi pe ẹnikẹ́ni fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wọ́n gbà á padà, n kò sì lè wọ àkáǹtì mi mọ́. Ẹ máa fi tiyín tẹ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ lóṣooṣù, ẹ sì fi ìfọwọ́sí orí áàpù rọ́pò kóòdù bí báǹkì yín bá gbà á.

Ará Fọlágbadé, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo padà wá jábọ̀ fún yín. Ọjọ́ 19 lẹ́yìn tí mo kọ ìbéèrè náà ni báǹkì dáhùn. Wọ́n gbà kí àkáǹtì náà wà, pẹ̀lú Ìjẹ̀bú-Òde gẹ́gẹ́ bí ibi tí mò ń gbé àti Peckham fún lẹ́tà nìkan, ṣùgbọ́n wọ́n gba káàdì àwìn tí mo ní lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní n kò lè fi kọ́bọ̀ kún owó ISA mi (àkáǹtì ìfowópamọ́ tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀) mọ́ nítorí pé n kò gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé àkáǹtì olóǹtẹ̀ tí Ìyá Àgbà sọ ni mo fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rí notary, wọn kò sì béèrè ìwé iná mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní lẹ́tà àkọ́kọ́ ti dé ọ̀dọ̀ òun: orúkọ mi wà lókè, wọ́n kọ "c/o" àti orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ilé iṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ mi ni kò tíì dáhùn. Lẹ́tà tèmi ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ Ajé.